Bí Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe Kọ́ Mi Lẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgbàjà

Ẹni tí ó bá rò pé òròmọdìẹ àti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lè máa gbé inú ilé kan náà bí ọmọ ìyá, kí ó wá gbọ́ tèmi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin nǹkan ọ̀sìn ní oko kékeré kan lẹ́bàá ìlú Ìgbàjà, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ márùn-ún àti ẹyin adìẹ mẹ́fà ni mo tò sábẹ́ àgbébọ̀ kan lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kọkànlélógún, ẹyin adìẹ pa. Àgbébọ̀ kó ọmọ jáde, ó fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ kí ó tutù. Mo fọ́ ọ̀kan wò. Ọmọ ti wà nínú rẹ̀, ó ti kú.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa bi mí pé, "Ìwọ tíṣà yìí, ṣé o kò mọ̀ pé ọjọ́ márùndínlógójì ni ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ń lò ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, n kò mọ̀."

Ó ní kí n kọ́kọ́ to ti pẹ́pẹ́yẹ, kí n fi ti adìẹ kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pa pọ̀. (Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ àti omi jìnnà sí àgbébọ̀ náà o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kì í ṣe eré.)

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an ni pé mo kó gbogbo ọmọ náà àti àwọn òròmọdìẹ mìíràn sínú ilé kan. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kò mọ̀ ju omi lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti rin gbindingbindin, òròmọdìẹ á sì máa gbọ̀n. Òtútù pa mẹ́rin.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ní ìparí 2021, lùkúlùkú wọlé. Ọrùn wọn ń yí, ìgbẹ́ wọn dà bí ewé tútù. Nínú òròmọdìẹ mẹ́rìnlá tí ó kù, mẹ́ta péré ni kò kú. Pẹ́pẹ́yẹ kankan kò kú. Àwọn kan ní pẹ́pẹ́yẹ ní oògùn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀: kòkòrò àrùn náà lè wà lára pẹ́pẹ́yẹ láìpa á, kí ó sì máa yà á mọ́ ìgbẹ́ fún adìẹ.

Newcastle ni àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn náà. Láàárín 1952 sí 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìbàdàn. Kò ní oògùn tí ń wò ó sàn. Àjẹsára ni ó wà, wọ́n sì ń ṣe é ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní ilé ìwádìí àrùn ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Ẹ̀kán kan sí ojú òròmọdìẹ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú yìnyín ni kí ẹ fi gbé e délé.

Nísinsìnyí, pẹ́pẹ́yẹ mi ní ilé tirẹ̀ níbi tí ẹrọ̀fọ̀ wà. Igo àjẹsára kan pọ̀ ju adìẹ tèmi lọ, bí a bá sì ti pò ó, kì í ṣeé tọ́jú di ọjọ́ kejì. Nítorí náà ni àwa ilé mẹ́rin ṣe ń dáwó rà á. Ìyá àgbà náà gbé àkùkọ rẹ̀ wá nígbà tí a ṣe é kẹ́yìn, ó sì di dókítà lọ́wọ́ mú:

"Bí o bá fọ́ ojú àkùkọ mi, ìwọ ni yóò máa kọ fún mi láàárọ̀!"