Dùùrù Inú Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Kí A Mú?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló ń fẹ́ ṣe orin jáde láti inú yàrá wọn. Ètò kọ̀ǹpútà wo ló ń dún bíi píánò gidi?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú èkíní, wọ́n á gba ohùn píánò gidi sílẹ̀, ní títẹ̀ jẹ́jẹ́ àti ní títẹ̀ kíkan. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó wúwo: gígábáìtì 77 ni Keyscape. Dátà ta ni yóò gbé ìyẹn? Salamander, tí wọ́n gbà lára píánò Yamaha, fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Èkejì kò gba ohùn sílẹ̀. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe ìró náà. Irú rẹ̀ ni Pianoteq, tó jáde nílẹ̀ Faransé lọ́dún 2006. Kò tó gígábáìtì kan. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, òun ni àwa yóò mú. Ẹ lè dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ àwọn kíì kan kò ní dún, yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ má ra ayédèrú o! Àwa rà á rí. Kòkòrò inú rẹ̀ jẹ gbogbo orin ìkórè tí a ti gbà sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wo kíbọ́ọ̀dù ọmọ yín. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkan tí ìró kan náà ń jáde, kò sí ètò tí yóò dún bíi píánò lórí rẹ̀. Owó kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.