Ilé Ti Dúró, Àyíká Rẹ̀ Ńkọ́? Àǹfààní Tó Wà Nínú Gbígba Onímọ̀ Ìṣètò Ọgbà

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé kékeré kọ́ ni iṣẹ́ náà. A ó ra ilẹ̀, a ó pe sọ̀fíyọ̀, a ó gba ayàwòrán ilé, a ó sì kó bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn oníṣẹ́ iná wá. Nígbà tí a bá fi máa kan òrùlé mọ́ ọn tán, tí a sì kùn ún ní ọ̀dà, owó ti tán lápò, ara náà sì ti rẹ̀ wá. Ilẹ̀ tó yí ilé ká wá di ohun tí a fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹlòmíràn á ra igi mẹ́wàá ní ẹ̀bá títì, á sì gbìn wọ́n síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé ilẹ̀ yìí náà nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n, àti pé owó tí a bá san fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó afẹ́.

Ta ni onímọ̀ ìṣètò ọgbà?

Ẹni tó ń gé koríko, tó ń bomi rin òdòdó, tó sì ń gbá ewé, olùtọ́jú ọgbà ni; iṣẹ́ gidi sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń hu igi sínú ọ̀rá dúdú, tó ń tà wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà, olóko òdòdó ni. Onímọ̀ ìṣètò ọgbà ní tirẹ̀ ni ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀, omi, oòrùn àti igi, tí yóò wo ilẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kàn án, tí yóò sì yàwòrán ibi tí ohun gbogbo yóò wà. Lórílẹ̀-èdè wa, àwọn tó fi iṣẹ́ yìí ṣe ìmọ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Society of Landscape Architects of Nigeria. Ní ti ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975 ń ṣe ìwádìí lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó. Ìmọ̀ náà wà nítòsí; àwa ni a kì í sábà wá a lọ.

Ibi tí omi ń gbà

Àǹfààní àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ omi. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn tó nǹkan bíi mítà 15 sí 30. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, tí omi rẹ̀ tó mìlímítà 50, omi tó bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì náà lé ní lítà 23,000. Ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún dúrọ́ọ̀mù ńlá lọ, láti inú òjò kan ṣoṣo. Níbi tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí koríko àti gbòǹgbò igi wà, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí a bá ti fi kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, ìdí ìpìlẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri ọgbà tàbí ilé aládùúgbò ni omi náà ń lọ. Báyìí ni ìpìlẹ̀ ṣe ń là, tí ògiri sì ń wó.

A kò gbàgbé àgbàrá tó jà ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó pa ènìyàn tó lé ní 100. A kò sì gbàgbé omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022, tó kan ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, títí kan Kogí níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Òótọ́ ni pé ọgbà ilé kan kò lè dá odò Ọya dúró. Ṣùgbọ́n àgbàrá àdúgbò, láti ojúlé dé ojúlé ló ti ń kóra jọ.

Onímọ̀ yóò wọn bí ilẹ̀ yín ṣe dà. Yóò rí i pé ilẹ̀ ìta lọ sílẹ̀ kúrò lára ilé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ní mítà kọ̀ọ̀kan. Yóò sọ ibi tí íntálọ́kì yẹ kí ó wà, ibi tí koríko yẹ kí ó wà, àti ibi tí a lè gbẹ́ kòtò olókùúta sí kí omi lè máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn wa. Ẹni tó bá darí àgbàrá ilé rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ti ṣẹ onítọ̀hún, bó ti wù kí ó máa kí i tó ní àràárọ̀.

Kànga àti sókàwéè

Àǹfààní kejì ni ààbò omi mímu. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fúnni ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sókàwéè tó mítà 30, kí kànga sì wà ní apá òkè níbi tí ilẹ̀ bá dà. Ẹ wá wò ó: mítà 30 yìí gan-an ni gígùn pulọ́ọ̀tì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kànga yín bá wà níwájú pátápátá, ẹ̀yìn pátápátá ni sókàwéè gbọ́dọ̀ wà. Bí aládùúgbò yín bá wá gbẹ́ sókàwéè tirẹ̀ síwájú ilé ńkọ́? Ògiri ọgbà kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Ẹni tí a gbà pé kó gbẹ́ ihò kì í sábà yọjú wo òdìkejì ògiri. Onímọ̀ ìṣètò yóò wò ó, nítorí pé ilẹ̀ àti ohun tó yí i ká ni ó kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí ó tó fi pẹ́ńsù kan bébà. Bí ààyè kò bá tó, yóò sọ fún yín kí ẹ tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti ń ṣe àwọn ọmọ.

Igi, oòrùn àti ọyẹ́

Ní ìhà tiwa yìí, láti Ìlọrin títí dé Kàdúná àti Kánò, oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń gba ooru láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì máa móoru di òru. Igi oníbòòji tí a bá gbìn sí ìhà náà yóò dáàbò bo ògiri, ìnáwó lórí fáànù àti jẹnẹrétọ̀ yóò sì dínkù. Ọyẹ́ ní tirẹ̀, láàárín àríwá àti ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Igi kéékèèké tí a tò súnmọ́ra ní apá ibẹ̀ yóò gba púpọ̀ nínú eruku rẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi tó jẹ́ ìbùkún níbì kan lè di ìyọnu níbòmíràn. Dóńgóyárò lè fara da ilẹ̀ gbígbẹ, ibòòji rẹ̀ sì dára, àmọ́ ó ń tóbi, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń rìn jìnnà. Bí a bá gbin òun tàbí máńgòrò sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ògiri, ọdún díẹ̀ ni a ó fi máa wá ẹni tí yóò gé e lulẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ náà là á wò kí a tó gbin igi sí i. Ohun tó ń hù wẹ́rẹ́ ní Ìjẹ̀bú lè gbẹ ní Kánò, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ń gba nǹkan bí oṣù méje.

Ọgbà fún gbogbo ará ilé

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò bi yín léèrè nípa àwọn tó ń gbé inú ilé kí ó tó sọ̀rọ̀ òdòdó. Ìyàwó ilé ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí ní ẹ̀yìnkùlé láìsí pé ojú àlejò ń wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń fẹ́ ibi tí wọn yóò ti sáré, tí kò súnmọ́ kànga àti jẹnẹrétọ̀. Ìyá àgbà ń fẹ́ ọ̀nà títẹ́jú tí kò ní yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti yàrá dé ibi àlùwàlá. Omi àlùwàlá náà tó ń ṣàn dànù lójúmọ́ lè gba inú páìpù lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewúro, efinrin, ata àti ewédú kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀dì kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn ilé ìdáná. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni fún un.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà àwọn òyìnbó ni èyí. Ní ilẹ̀ Andalus, ìyẹn Sípéènì àtijọ́, àwọn ọba Mùsùlùmí máa ń gba onímọ̀ sí iṣẹ́ ọgbà wọn. Ibn Bassal ṣe iṣẹ́ yìí fún ọba ìlú Toledo, nígbà tí ìlú náà sì bọ́ ní ọdún 1085, Seville ni ó kọjá sí. Ní Almería, Ibn Luyun kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 1348. Ó là á yé ènìyàn níbẹ̀ pé kí ilé wà lórí ilẹ̀ gíga, kí kànga àti adágún omi wà ní apá òkè, kí igi tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ sì súnmọ́ omi.

Ní ayé òde òní náà, ẹ wo ìlú Káírò. Ibi tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ àti ìdọ̀tí sí fún nǹkan bí 500 ọdún ni àjọ Aga Khan sọ di ọgbà ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005, tí wọ́n ń pè ní Al-Azhar Park. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 30. Bí ètò tó dára bá lè sọ àkìtàn di ibi ìgbafẹ́, kí ni kò lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa?

Owó rẹ̀ ńkọ́?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: “Èmi tí mo ṣì ń san gbèsè òrùlé, ọgbà wo?” Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kò di dandan kí a ṣe gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A lè sanwó fún àwòrán nìkan, kí a wá máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń gbà: ọ̀nà omi lọ́dún yìí, igi lọ́dún tó ń bọ̀, íntálọ́kì lẹ́yìn náà. Ohun tó ń gbówó lọ́wọ́ ẹni ni àṣetúnṣe, kí a to íntálọ́kì tán kí a tún hú u nítorí páìpù. Nítorí náà, ìgbà tó dára jù láti pè é ni ìgbà tí a kò tíì gbẹ́ kànga, tí a kò sì tíì mọ ògiri ọgbà.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó mú yín lọ wo ọgbà méjì tí ó ti ṣe, tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti kọjá lórí wọn. Ẹ bi í bí igi kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ga tó tí ó bá dàgbà, àti ẹni tí yóò máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ sì pín owó náà sí ìpele, nítorí pé Al-Kùránì fúnra rẹ̀ pa wá láṣẹ láti máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lè bá àwọn ará àdúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó jọ, kí wọ́n pe onímọ̀ kan wá wo ọ̀nà omi gbogbo wọn. Bí èyí pàápàá kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá rọ̀, kí ẹ jáde wo ibi tí omi ń gbà, kí ẹ tó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀.

Ìfun ara ẹni nímọ̀ràn wà lára ẹ̀sìn. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìbùkún sí ilé wa, sí omi wa, àti sí ohun tí ọwọ́ wa bá gbìn.