Ẹ Má Tíì Rẹ́ Ògiri: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Omi Ti Ń Wọlé

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń múra láti padà sílé, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kò tíì lọ: omi ti fà, òjò ti dá, síbẹ̀ ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ṣì ń sun omi.

Èyí wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá òkè n'Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gé ara òkè kọ́lé, tí ẹ̀yìn yàrá ìsàlẹ̀ fi máa ń fara ti ilẹ̀. Àgbàrá Ògùnpa ọdún 1980 àti omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 ti kọ́ ará Ìbàdàn pé omi kì í gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: bí ẹ bá rẹ́ ògiri tàbí tí ẹ kùn ún lọ́dà láti inú, láìdí ọ̀nà omi láti ìta, owó yín yóò ṣòfò. Omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti pílásítà tuntun náà ṣubú.

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀. Ti omi yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí kò lanu rárá a máa fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí lára ògiri ni iyọ̀ tí omi náà kó wá, tó sì fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ.

Kí ẹ tó wọlé

Ẹ wo ògiri láti ìta ná. Bó bá tẹ̀, bó bá wú síta, tàbí tó là débi pé ìka lè wọ̀ ọ́, ẹ má wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa iná gbogbo ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri tútù. Bó bá jẹ́ pé inú omi lẹ máa dúró sí kí ẹ tó lè pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná.

Níbo ni omi ti ń wá?

Ẹ fi ọ̀rá dán an wò. Ẹ nu ibì kan lára ògiri gbẹ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kí ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí omi bá wà láàrin ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọ sí yàrá ló tutù, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé. Ògiri tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lára rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tutù, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ ṣọ́ àkókò. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan ló ń sun, ẹ fura sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé àti ilẹ̀ tó dà síhà ilé. Bó bá ń sun bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀, ẹ wo páìpù, tánkì àti sọkawéè. Lálẹ́, ẹ fi igi wọn bí omi tánkì ṣe jìn tó, kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Bó bá ti dín kù kí ilẹ̀ tó mọ́, ibì kan ń jò.

Ẹ wo ibi tó ga dé. Àbàwọ́n tó ti ìsàlẹ̀ wá, tí kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, omi ilẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo òrùlé. Bó bá gba gbogbo ògiri ẹ̀yìn tó fara ti ilẹ̀, omi inú òkè ló ń tì í.

Àtúnṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré.

1. Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ẹ darí omi òrùlé jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé.

2. Ẹ fi amọ̀ kún ẹsẹ̀ ilé, ẹ kì í mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ lè dà kúrò lára ilé. Bí àyè bá wà, kí ó fi ínǹṣì 6 lọ sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ bàtà 10.

3. Ẹ tún páìpù tó ń jò ṣe.

4. Bí èyí kò bá tó, kí birikilà tó mọṣẹ́ gbẹ́ kòtò tóóró síhà òkè ilé, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù tí a lu ní ihò sí i, tí yóò gbé omi yí ilé ká lọ sísàlẹ̀, láìdà á sí ilé aládùúgbò. Kòtò náà kò gbọdọ̀ jìn ju ìpìlẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ilé má baà wó.

Nígbà tí omi bá dúró, ẹ ha pílásítà tó ti bàjẹ́ títí dé ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá àbàwọ́n, kí ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ bo imú kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ èbu dúdú. Bí ẹ bá lo bílíìṣì, ẹ má pò ó mọ́ kẹ́míkà mìíràn.

Ilé alámọ̀

Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé alámọ̀ máa ń há omi mọ́ inú. Ojú rẹ̀ lè gbẹ nígbà tí amọ̀ inú ti rọ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì mìíràn bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé

Ẹ máa kọ ọjọ́ sílẹ̀, bóyá òjò rọ̀, àti ibi tó tutù. Ẹ fi han onílé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ìwé náà yóò sọ̀rọ̀ ju ẹnu lásán lọ.

Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀ lé àtúnṣe yín lórí. Bí ògiri bá ṣì gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ wá rẹ́ ẹ.