Yíya àwòrán ìṣẹ́kù supernova láti ẹ̀yìnkùlé

Ìṣẹ́kù supernova ni ìkùukùu gáàsì àti eruku tí ó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá kan bá bú gbàmù. Ọ̀kan nínú èyí tí ó rọrùn jù láti yà láti ẹ̀yìnkùlé ni Nẹ́búlà Alákàn, tí a tún mọ̀ sí M1, nínú àgbájọ ìràwọ̀ Taurus. Ó jìnnà sí Ayé tó nǹkan bí 6,500 ọdún ìmọ́lẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ṣàkọsílẹ̀ ìràwọ̀ náà ní ọjọ́ 4 Oṣù Keje ọdún 1054. Wọ́n rí i lọ́sàn-án fún ọjọ́ 23. Ní ọdún 1731, John Bevis ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi awò-awọ̀nàjíjìn rí ìṣẹ́kù rẹ̀.

Ní Ore àti Odigbo

Ore, ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní nǹkan bí dìgírì 7 sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní ọ̀gànjọ́ òru Oṣù Kejìlá, M1 máa ń ga ju dìgírì 70 lọ lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ Polaris, tí a fi ń tọ́ irinṣẹ́ sọ́nà, kò ga ju nǹkan bí dìgírì 7 lọ níbẹ̀; ilé tàbí igi lè bò ó. Ẹni tí kò bá rí i yóò máa wo bí ìràwọ̀ mìíràn ṣe ń yẹ̀ kúrò lójú kan nínú awò, yóò sì máa tún irinṣẹ́ náà ṣe títí yíyẹ̀ náà yóò fi dáwọ́ dúró. Eruku ọyẹ́, ìrì àti iná ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Benin tún lè ba àwòrán jẹ́.

Bí a ṣe ń yà á

M1 kò ṣe é fi ojú lásán rí. Awò-awọ̀nàjíjìn kékeré, kámẹ́rà àti ìdúró tí mọ́tò ń yí ni a nílò. Bí ìdúró náà kò bá tẹ̀lé yíyí Ayé, ìràwọ̀ yóò di ìlà nínú àwòrán. A máa ń ya ọ̀pọ̀ àwòrán, kọ̀ǹpútà yóò sì pa wọ́n pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára lè hàn. A tún máa ń ya díẹ̀ nígbà tí a bá dé ojú awò, láti fi yọ àbàwọ́n tí ooru ń dá sílẹ̀ nínú kámẹ́rà.

Ìwúlò rẹ̀

Gáàsì M1 ṣì ń tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí 1,500 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 1921, John Charles Duncan fi àwọn àwòrán tí ó fi nǹkan bí ọdún 11 jìnnà síra hàn pé ó ń gbòòrò. Bí a bá ṣírò ìgbòòrò náà padà sẹ́yìn, yóò dé ìtòsí ìgbà tí àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ náà. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ ọjọ́, wákàtí àti irinṣẹ́ tí a lò sára àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí a lè fi wé òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.