Yíyan Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà fún Eré Ṣíṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ owó, ó sì jẹ mọ́ ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń tu owó jọ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè ra kọ̀ǹpútà tí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì fi ṣeré nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Bí ó bá dé ìsọ̀, nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ lára páálí ni òǹtajà yóò kọ́kọ́ fi hàn án. Ó rọrùn láti gbà pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nọ́ńbà ara páálí nìkan kò tó láti fi yan ọpọlọ kọ̀ǹpútà fún eré.

Kí ni a ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà? Èyí ni ẹ̀yà kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní processor. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò, òun ni ó sì ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹ jẹ́ kí a fi eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹni tí ń ṣeré bá ti tẹ bọ́tìnì, ọpọlọ ni yóò ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí, ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yóò sá sí, àti bí aṣọ́lé yóò ṣe fò. Nígbà tí ó bá parí ìṣirò yìí, yóò rán ẹ̀yà kejì tí a ń pè ní káàdì àwòrán níṣẹ́ pé kí ó ya ohun gbogbo kí ojú lè rí i. Bí àwòrán 60 bá ní láti yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo kí eré lè máa lọ geere, ẹ ó rí i pé àyè tí ó wà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan kéré púpọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọpọlọ àti káàdì àwòrán dà bí ẹni méjì tí wọ́n jọ gbé pákó kan: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá nínú wọn ni yóò pinnu ìgbà tí wọn yóò délé. Bí ọpọlọ bá yára bí àṣá, tí káàdì àwòrán sì ń wọ́ bí ìgbín, ìrìn ìgbín ni eré náà yóò máa rìn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ń fa èkejì sẹ́yìn? Àmì kéékèèké ni a fi ń to àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán 1920 lọ́nà 1080 ní àmì tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Àwòrán 3840 lọ́nà 2160 ní ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Káàdì àwòrán ni ó ń ru ẹrù àfikún yìí. Iṣẹ́ ọpọlọ lórí àwòrán kan kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ dín iye àmì náà kù, kí ẹ sì wo eré. Bí ó bá yára sí i gidigidi, káàdì àwòrán ni alárìnkẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wá lọ ra ọpọlọ tuntun nítorí rẹ̀ ń pọn omi sínú agbọ̀n ni. Bí kò bá sí ìyípadà, ọpọlọ ni ẹjọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àwọn nọ́ńbà náà wò. Èkíní ni iye core. Core kọ̀ọ̀kan dà bí òṣìṣẹ́ kan nínú ọpọlọ. Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé òṣìṣẹ́ 16 kò ní yára ju òṣìṣẹ́ 8 lọ ni? Irú iṣẹ́ ni yóò dáhùn. Bí a bá fẹ́ ro oko, bí ènìyàn bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yóò ṣe yá tó, nítorí oníkálukú yóò mú poro tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títún fídíò ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í pe ènìyàn 16 láti ro àmàlà inú ìkòkò kan. Omi gbọ́dọ̀ hó kí a tó da èlùbọ́ sí i, èlùbọ́ sì gbọ́dọ̀ wọ omi kí orógùn tó wọlé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú eré ni ó rí báyìí: ìgbésẹ̀ kan ń dúró de èkejì. Ìdí nìyí tí core 6 tàbí 8 tí ó já fáfá fi ń tó fún ọ̀pọ̀ eré.

Nọ́ńbà kejì ni gigahertz, tí ó ń sọ bí ọpọlọ ti ń sáré tó. Òun náà lè tan ni jẹ. Ẹ wo ọpọlọ méjì tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe: Ryzen 7 5800X jáde ní 2020, Ryzen 7 5800X3D sì jáde ní 2022. Ìran kan náà ni wọ́n, core 8 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Èyí ẹ̀gbọ́n lè sáré dé 4.7 gigahertz, èyí àbúrò kò kọjá 4.5. Síbẹ̀, àbúrò ni ó yára jù lórí ọ̀pọ̀ eré. Kí ni ó fà á? Cache ni, ìyẹn ibi ìkóǹkanpamọ́ tí ó wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Cache ìpele kẹta ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹ́gábáìtì 32. Ti àbúrò jẹ́ 96, nítorí pé wọ́n to apá kan lé òmíràn bí ilé alájà. Alásè tí iyọ̀, ata àti epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀ yóò se ọbẹ̀ tán ṣáájú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ṣùgbọ́n tí ó ń sáré lọ sí ọjà nítorí ohun kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo eré ni ó ń jàǹfààní èyí bákan náà o. Lẹ́nu iṣẹ́ tí kò nílò cache púpọ̀, ẹ̀gbọ́n lè ta àbúrò yọ.

Ohun méjì ni ó kù. Èkíní ni ìjókòó ọpọlọ, tí a ń pè ní socket. Ọpọlọ tí ó bá yàtọ̀ sí ìjókòó rẹ̀ kò lè wọlé. Ìjókòó AM4 ti AMD bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra pátákó rẹ̀ láyé ìgbà náà fi lè gbé 5800X3D ti 2022 sí i láìpààrọ̀ gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ìlànà inú pátákó náà dọ̀tun. Èkejì ni iná. Core i9-14900K tí Intel gbé jáde ní 2023 lè gba iná tó 253 wáàtì nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó ń fi bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ ṣeré mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ooru tí yóò bá a wá ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìparí, kí ẹni tí ó fẹ́ rà kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn eré tí ó ń ṣe sílẹ̀. Kí ó ya owó káàdì àwòrán sọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ọpọlọ tí wọ́n ti dán wò lórí àwọn eré náà gan-an, kí ó sì bèèrè ìjókòó rẹ̀ àti iye iná tí ó ń jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa pé wíwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìdájọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, owó tí ẹ kò bá ná sórí nọ́ńbà lásán lè ra ìwé. Ó dìgbà kan ná o.