Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Wọ́: Òrí àti Omi Gbígbóná Nìkan Ò Lè Tún Un Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lónìí, ẹsẹ̀ ọmọ tuntun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyàwó ilé bímọ, ìyá àgbà wọ bàálù láti Ìbàdàn tàbí Èkó wá bá wọn wẹ ọmọ. Màmá tú aṣọ, wọ́n rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sínú, gìgísẹ̀ sì ká sókè. Kíá, wọ́n ti ní kí wọ́n gbé òrí àti omi gbígbóná wá. Wọ́n á jó o, wọ́n á wọ́ ọ, wọ́n á fà á. Tí ọjọ́ ìkómọ bá wá kò, wọ́n á fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, kí àlejò má baà fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì ṣe àfọwọ́fà ìyá ọmọ. Clubfoot ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí, ó máa ń tó ọ̀kan tó wá sáyé bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe ọmọkùnrin tó ìlọ́po méjì ọmọbìnrin, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló kàn.

Ohun tó máa ya Màmá lẹ́nu ni pé ọwọ́ náà ni dókítà fi ń tún un ṣe. Ignacio Ponseti, ará Sípéènì tí wọ́n bí ní 1914, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa, tó sì kú ní 2009, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ ṣì rọ̀, dókítà á rọra yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, á wá fi P.O.P. dì í láti ìka ẹsẹ̀ dé itan. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á tú u, wọ́n á tún yí i sí i. P.O.P. bíi 5 tàbí 6 ló sábà máa ń gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n á gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lójú kékeré kí gìgísẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì fi P.O.P. ọ̀sẹ̀ 3 parí ẹ̀. Iṣan náà á tún so pọ̀. Ẹ máa wo ìka ọmọ o: tó bá wú tàbí tó tutù, ẹ pe ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọwọ́ Màmá ò lè ṣe é? Ètò ló wà níbẹ̀. Ibi tó ká ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ẹsẹ̀ síta, gìgísẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi agbára ti iwájú ẹsẹ̀ sókè, àárín ẹsẹ̀ ló máa yẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á wá yọ sísàlẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Èyí tí a bá sì wọ́ lónìí láìfi nǹkan dì í mú, á tún padà. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé náà ní ọ̀nà tiwọn tí wọn kì í fi P.O.P. ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ físíò ló ń fọwọ́ ṣe é lójoojúmọ́, á sì fi báńdéèjì dì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an ni bàtà. Lẹ́yìn P.O.P., ọmọ á wọ bàtà méjì tí irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà nígbà tó bá ń sùn nìkan, títí á fi pé ọdún 4 tàbí 5. Ọmọ á sunkún lálẹ́ àkọ́kọ́. Ìyá wà níṣẹ́ alẹ́, bàbá ti rẹ̀, àánú ọmọ ṣe Màmá, wọ́n bọ́ ọ. Ọ̀la, wọ́n tún bọ́ ọ, torí ẹsẹ̀ ti tọ́ lójú. Ohun tó sábà máa ń mú kí ẹsẹ̀ tún wọ́ nìyẹn, tí a ó fi padà sídìí P.O.P., tàbí sídìí ọ̀bẹ. Tí bàtà bá dá egbò sí ọmọ lẹ́sẹ̀, dókítà ni kí ẹ pè, ẹ má kàn gbé e jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ tí a kò tọ́jú á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn. Bàtà lásán ò ní wọ̀ ọ́, orúnkún àti ìbàdí ló sì máa jẹ gbèsè ẹ̀. Èyí tí a tọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà lè kéré díẹ̀, á sáré, á gbá bọ́ọ̀lù.

Màmá náà níṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn P.O.P., kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ físíò, kí wọ́n máa ṣe é lẹ́yìn ìwẹ̀. Tí ọmọ bá ti ń rìn, ẹ jẹ́ kó máa lóṣòó ṣeré bíi tilé. Ìlóṣòó ń na iṣan gìgísẹ̀ dáadáa.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Children's Healthcare of Atlanta wà lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Tí owó bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ béèrè Medicaid tàbí PeachCare for Kids. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó bá ṣeé ṣe. Tó bá ti pẹ́, ẹ ṣì lọ. Tó bá jẹ́ pé ilé lọ́mọ wà, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn tó ń tọ́jú egungun, irú èyí tó wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kí dókítà rí ẹsẹ̀ ọmọ. Tó bá dalẹ́, ẹ fi bàtà ẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ kọrin fún un. Á sùn.