Ìbéèrè Ìdánwò Gbọ́dọ̀ Bá Ète Ẹ̀kọ́ Mu

Bí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ti tó ẹni tí ń gba òmìnira, kì í ní kí ó ka orúkọ gbogbo irinṣẹ́ inú àgbẹ̀dẹ fún òun. Irin ni yóò gbé lé e lọ́wọ́ kí ó fi rọ ọkọ́. Bí ọkọ́ náà bá ṣe é kọ ebè, ọmọ-iṣẹ́ ti mọ iṣẹ́. Bí kò bá ṣe é kọ ebè, àlàyé ẹnu kò lè gbà á sílẹ̀. Ọgbọ́n àwọn baba wa yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́, àti gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ire ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, bá wa fi yẹ ìdánwò yunifásítì wò.

Ẹ jẹ́ kí á ti Kumasi bẹ̀rẹ̀, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣòwò kí òfin ìjọba Busia ti November 1969 tó lé wọn padà wálé. Ní January 1952 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà ṣí, 200 akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí a kó wá láti Achimota ni ó sì kọ́kọ́ gbà. Láti 1955 ni ó ti ń múra àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìdánwò oyè Yunifásítì London. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, láti 1948 títí di 1962, oyè London ni a ń lépa. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn ń lọ́wọ́ sí ìbéèrè, ṣùgbọ́n London ni ó ń fi àṣẹ sí i. Ní 1961 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Kumasi di yunifásítì tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè. Lẹ́yìn àwọn àyípadà wọ̀nyí, gègé ti bọ́ sí ọwọ́ ara wa. Bí ìbéèrè wa kò bá wọn ohun tí ó yẹ, ta ni a ó dá lẹ́bi?

Ní apá àríwá Kumasi ni Tafo wà, àdúgbò tí èrò pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọ Tafo kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ète ẹ̀kọ́ tí a kọ sílẹ̀ fún un ni pé, bí sáà bá parí, kí ó lè wọn gọ́tà tí yóò gba omi òjò òpópónà kan. Ọjọ́ ìdánwò dé, ìbéèrè sì wí pé: ‘Dárúkọ irú gọ́tà márùn-ún.’ Ọmọ náà há wọn sórí, ó kọ wọ́n, ó yege. Ní ọjọ́ tí ìlú bá gbé iṣẹ́ gọ́tà fún un, tí òjò sì rọ̀, inú yàrá àwọn ará Tafo ni omi yóò ti béèrè ìbéèrè tí olùkọ́ kò béèrè.

Ìbéèrè tí ó bá ète mu yóò sọ bí ilẹ̀ ti dagun tó, bí òjò wákàtí kan ti pọ̀ tó, àti bí ààyè tí omi ti ń ṣàn wá ti fẹ̀ tó. Yóò wá béèrè bí gọ́tà yóò ti jìn, tí yóò sì fẹ̀ tó, àti ìdí rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó kọ́ni ní orúkọ nìkan, tí ó wá béèrè ìṣirò, ìrẹ́jẹ ni ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà to iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà: ìrántí, òye, ìlò, ìtúpalẹ̀, ìṣàkópọ̀ àti ìdájọ́. Ní 1996, John Biggs, ọmọ Australia, kọ ọ́ pé ète, ìkọ́ni àti ìdánwò gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ìlànà tí àjọ NUC ti Nàìjíríà sì gbé jáde ní 2022 kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe sí abẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ète ti wà lórí ìwé. Ìbéèrè ni ó kù kí ó bá a dọ́gba.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára lọ. Kí olùkọ́ to àwọn ète rẹ̀ sí apá òsì ìwé, kí ó to ìbéèrè sí apá ọ̀tún, kí ó sì fa ìlà láti èyí dé èyí. Ète tí kò ní ìbéèrè, kí ó wá ìbéèrè fún un. Ìbéèrè tí kò ní ète, kí ó pa á rẹ́. Ète tí ó gba ìdajì sáà, kí ó gba nǹkan bí ìdajì máàkì. Ọjọ́ tí ó bá kọ ìbéèrè ni kí ó kọ bí yóò ti fún ni ní máàkì, kí olùkọ́ mìíràn sì yẹ méjèèjì wò.

Àwọn kan yóò wí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù, ọwọ́ kò lè ká irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fi ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin pàápàá lè gbé ìṣòro òpópónà kan kalẹ̀, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan gọ́tà tí ó yẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ìdánwò tí ń bọ̀ tó dé, ẹ gbé ìwé ète àti ìwé ìbéèrè yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kà wọ́n pọ̀. Àwọn tí yóò gbé nínú ilé, tí yóò gba orí afárá, tí yóò sì mu oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ṣe ń dúró de èsì.